Àwọn Ọ̀gá Ọ̀mọlé Pópó Àgùdà

Ní Èkó Akété, ilé ọgbọ́n, bí àlejò bá dúró níwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní àdúgbò Kakawa tàbí Igbóṣẹ̀rẹ̀, tí ó sì bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ìtàn rẹ̀, orúkọ onílé ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu. Wọn yóò sọ òwò tí baba náà ṣe, ìlú òyìnbó tí ó ti bọ̀, iye ọmọ tí ó bí àti bí ìnáwó òkú rẹ̀ ti mi ìlú tìtì. Ṣùgbọ́n bí àlejò náà bá tún béèrè pé ta ni ó to bíríkì ilé náà léra, ta ni ó fa òdòdó sí ojú ògiri rẹ̀, ta ni ó mọ ọgbọ́n tí a fi ń tẹ orí fèrèsé kọ́rọ́bọ́tọ́ tí kò fi ní wó lu ẹni tí ó ń yọjú níbẹ̀, ẹnìkínní yóò máa wo ojú ẹnìkejì. Kì í sì í ṣe pé Yorùbá kì í yẹ́ oníṣẹ́ ọnà sí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, èyí tí àwọn Òyìnbó rí ní ibi àfihàn ńlá ti Wembley ní 1924 tí wọn kò sì jẹ́ kí ó padà wálé mọ́, kú ní 1938, ṣùgbọ́n ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ṣì ń kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Agbẹ́gilére ní oríkì tirẹ̀. Ọ̀mọlé kò ní. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò farasin, ó sì ti wà kí bíríkì tó dé ilẹ̀ wa rárá.

Láyé àwọn baba wa, ilé kíkọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn kan ń ṣe jẹun. Bí ọkùnrin bá fẹ́ kọ́lé, yóò kéde fún ẹbí àti ẹgbẹ́, wọn yóò dá ọjọ́, wọn yóò sì wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún un: àwọn kan yóò wa ilẹ̀, àwọn kan yóò pọn omi, àwọn ọ̀dọ́ yóò fi ẹsẹ̀ po ẹrẹ̀ títí yóò fi fà, àwọn àgbà tí ojú wọn tọ́ yóò sì máa mọ ògiri ní ìpele ìpele, ìpele kan yóò gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó ń fẹ́ ọmọ nínú agbo ilé náà kò gbọdọ̀ ṣàì kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, nítorí ọ̀wẹ̀ àna kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ewé gbódógì ni a fi ń bo orí ilé ní ìhà igbó. Ní ìhà ọ̀dàn a máa ń lo koríko, ní Ọ̀yọ́ sì ni koríko bẹẹrẹ ti di ohun tí à ń ṣe ọdún fún, tí gbogbo ìlú ń kó wá bo ààfin Aláàfin. Oúnjẹ àti ẹmu ni owó iṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ogún ènìyàn ni ó mọ ògiri kan, tí òjò ọdún díẹ̀ yóò sì tún sọ ọ́ di àtúnmọ, ta ni a ó kì? Onílé náà ni, ẹni tí àpọ́nlé rẹ̀ kó gbogbo wọn jọ.

Àwọn tí ó sọ ọ̀mọlé di oníṣẹ́ ọwọ́ tí à ń sanwó fún, ilẹ̀ Bùràsíìlì ni wọ́n ti wá, bẹ́ẹ̀ ọmọ wa ni wọ́n. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń tú lọ, tí ogun kò jẹ́ kí onílé gbé ilé rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni a kó gba etí òkun lọ sí Bàhíà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Kì í ṣe oko ìrèké nìkan ni a kó wọn sí. Ní ìgboro Salvador, ọ̀pọ̀ olówó ẹrú ni ó ń rán ẹrú wọn jáde láti máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́: ẹrú yóò máa dá iye kan padà fún olówó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí ó bá sì ṣẹ́ kù ni yóò máa tọ́jú títí yóò fi ra ara rẹ̀ padà. Nípa báyìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn fi di bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ àti alágbẹ̀dẹ, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé olówó àti ṣọ́ọ̀ṣì tí àlejò ń lọ wò ní Bàhíà títí di òní. Ní oṣù kìn-ín-ní 1835 àwọn Mùsùlùmí tí ó wà láàrin wọn dìde sí ìjọba; ìjọba borí wọn, ojú tí ó sì fi ń wo gbogbo ẹni dúdú tí ó ti gba òmìnira láti ìgbà náà lọ korò tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lé àwọn kan kúrò nílùú, tí àwọn mìíràn sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ọkọ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀ títí di ìgbà tí a fi òpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì ní 1888 àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Èkó, Àgùdà ni a ń pè wọ́n, ibi tí a fún wọn láti tẹ̀dó sí ni a sì mọ̀ sí Pópó Àgùdà, láti apá Tinúbú títí dé Campos Square àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlú tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ ìlú ilé ẹrẹ̀ olórùlé koríko tí ó fún mọ́ra, tí iná kan ṣoṣo fi lè jó odindi àdúgbò kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn Àgùdà ni wọ́n wá bu ẹwà náà sí i. Kì í ṣe pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nílẹ̀ wa o: àwọn oníwàásù ti parí ọ̀kan ní Àgbádárìgì ní 1845, tí ó ṣì dúró sí etí ọ̀sà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ilé onírin kan wá fún aṣojú wọn ní Èkó, ilé tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí Richard Burton, arìnrìn-àjò ẹlẹ́nu mímú nì, fi fi í wé pósí. Ohun tí Àgùdà fi yàtọ̀ ni pé wọ́n mọ bí a ti ń kọ́ ilé tí ooru kò ní pa ẹni tí ó wà nínú rẹ̀: ògiri tí ó nípọn, àjà tí ó ga, fèrèsé onípákó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí oòrùn kò sì lè gbà á, àti fàráńdà òkè tí ìyá àgbà lè jókòó sí kí ó máa rí gbogbo ohun tí ń lọ ní ìgboro láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń rí ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ Bàhíà àti ilẹ̀ Èkó, ooru kan náà ni wọ́n jọ ń gbà.

Ní òpin àwọn ọdún 1870 ni iṣẹ́ ńlá kan bọ́ sí wọn lọ́wọ́, èyí tí í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross ti ìjọ Àgùdà. Lazaro Borges da Silva ni ọ̀gá bíríkìlà, Francisco Nobre ni ọ̀gá àwọn káfíńtà; àwọn méjèèjì ni wọ́n sì gbé ilé Ọlọ́run náà dìde, tí ó fi di ohun tí àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ pàápàá ń dúró wò. Káfíńtà ìgbà náà kì í ṣe akànlẹ̀kùn lásán. Ọ̀kan nínú wọn, Balthazar dos Reis, ṣe tábìlì kan tí ó fi oríṣiríṣi igi tò ní ọnà sí ojú rẹ̀, tábìlì náà sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ibi àfihàn ti 1886. Bí a bá sì dé Kakawa, a ó rí ilé João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú ní kékeré tí ó sì darí wálé tòun ti aya àti ọmọ. Baba náà gbẹ́ kànga sí àgbàlá rẹ̀, ó sì ń ta omi mímọ́ fún ìlú tí omi yí ká ṣùgbọ́n tí kò rí èyí tí ó dára mu, tí gbogbo ènìyàn fi ń pe ibẹ̀ ní Ilé Olómi. Ọmọ rẹ̀, Candido, lówó débi pé bí ọmọ bá béèrè owó tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ òbí rẹ̀ ní Èkó, èsì tí yóò gbà ni pé, “Ṣé èmi ni Da Rocha ni?” Ẹ kíyè sí i pé a tún ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ onílé. Bẹ́ẹ̀ ni owó ṣe máa ń bo ọwọ́ mọ́lẹ̀.

Ọwọ́ tí mo fẹ́ tọ́ka sí jù lọ ni ti João Baptista da Costa. Mohammed Shitta, ọmọ Yorùbá tí a bí sí Sàró ní 1824, ti ṣòwò lójú odò Ọya títí ó fi di ọlọ́rọ̀. Nígbà tí ó di àgbà, ó pinnu pé òun yóò kọ́ mọ́ṣáláṣí tí irú rẹ̀ kò sí rí ní Èkó. Kò ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Lárúbáwá. Kò ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọlé Hausa tí wọ́n mọ mọ́ṣáláṣí ẹrẹ̀ kọ́ dáradára. Pópó Àgùdà ni ó lọ, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún ọkùnrin tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ní orúkọ Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Ọkùnrin náà sì kọ́ mọ́ṣáláṣí fún un ní ọ̀nà tí ó gbà mọ ilé Ọlọ́run í kọ́: iwájú tí ó ga sókè tí a fi símẹ́ǹtì fa òdòdó sí, òpó tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ṣóńṣó kéékèèké lórí ògiri, fèrèsé olórí kọ́rọ́bọ́tọ́. Ẹni tí ó bá ti rí ṣọ́ọ̀ṣì Salvador yóò mọ ibi tí òdòdó náà ti hù wá. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje, 1894, Gómìnà Carter ṣí i níṣojú Ọba Oyèkàn kìn-ín-ní. Abdullah Quilliam, lọ́yà Òyìnbó ará Liverpool tí ó ti gba Ìsìláàmù, jẹ́ iṣẹ́ tí Súlútáànì Túrúkì rán an, ó sì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Gbogbo ẹni tí ó ní orúkọ ní Èkó ni ó wà níbẹ̀, Edward Blyden ọ̀mọ̀wé kò gbẹ́yìn. Ní 1895 Shitta Bey papò dà. Mọ́ṣáláṣí náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí òpópónà tí ń jẹ́ orúkọ da Costa nítorí rẹ̀.

Àwọn kan ti sọ ọ́ di ohun ìyanu pé mọ́ṣáláṣí wá jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní tèmi, n kò rí ìyanu níbẹ̀. Ní agbo ilé Yorùbá, Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ń jọ bu omi nínú àmù kan, ilé wọn kò sì fi ẹ̀sìn yàtọ̀ síra. Bí ọ̀gá kan bá mọ iṣẹ́, ẹni tí ó bá lówó ni yóò pè é. Ohun tí ó yẹ kí a fi ìyàlẹ́nu sí ni ẹni tí ó ń po símẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ da Costa. Sanusi Aka ni orúkọ rẹ̀, Mùsùlùmí ni, ọmọ Yorùbá ni, kò sì dé Bùràsíìlì rí. Ọ̀dọ̀ da Costa ni ó ti kọ́ṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá débi pé nígbà tí Mùsùlùmí Èkó bẹ̀rẹ̀ mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ wọn ní 1908, èyí tí a ṣí ní 1913, orúkọ ọ̀gá àti orúkọ ọmọṣẹ́ ni a jọ ń dà lórí rẹ̀.

Ibí yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn Àgùdà kò tó nǹkan: ní Èkó ní òpin àwọn ọdún 1880, díẹ̀ ni wọ́n fi lé ní 3,000, tọmọdé tàgbà. Ìba ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kò lè kọ́ gbogbo ilé tí a ń pè ní ti Àgùdà láti Èkó dé Iléṣà. Àwọn ọmọṣẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ. Iṣẹ́ tí à ń fi owó kọ́ bá ìṣe wa mu ju bí ènìyàn ti rò lọ, nítorí pé Yorùbá ti mọ bí a ti ń fi ọmọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ àti babaláwo. Ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi omi pípọn àti iyanrìn jíjọ̀; yóò máa gbé bíríkì títí ara rẹ̀ yóò fi mọ ìwúwo rẹ̀; yóò di okùn mú kí ọ̀gá lè mọ̀ bóyá ògiri tọ́; lẹ́yìn ọdún mélòó kan a ó jẹ́ kí ó rẹ́ ògiri ẹ̀yìn, níbi tí àlejò kì í dé. Òdòdó ni ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá ti mọ òdòdó fà, a ó gbà á ní òmìnira, a ó gbàdúrà fún un, òun náà yóò sì lọ gba ọmọṣẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ ni ó ń fi iṣẹ́ náà lé ọwọ́, láìsí ìwé.

Ọ̀nà rélùwéè ni ó gbé wọn wọ òkè. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn tí a sì ṣí i ní 1901, tí ó sì dé Òṣogbo ní 1907, pánù àti símẹ́ǹtì tí à ń fi orí rù tẹ́lẹ̀ wá di ẹrù ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni kòkó so. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Àwọn olówó kòkó Ìbàdàn, àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú, kò sí ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ tí kò fẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bíríkìlà tí ó bá ti Èkó bọ̀ kò ní í wá iṣẹ́ tì. Ní Ìbàdàn, ilé Adébísí ní Ìdíkàn àti ti Sàlámì Agbájé ní Ayéyé di ohun tí à ń mú ọmọ lọ wò. Ní Àjàṣẹ́, tí ó wà lábẹ́ àwọn Faransé nígbà náà, àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ mọ́ṣáláṣí ńlá kan ní 1912 tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ju ti Èkó pàápàá lọ, tí ó fi jẹ́ pé bí kò bá sí ìpè àdúrà, àlejò lè bọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ó máa wá àgbélébùú.

Ilé tuntun yìí kò sì yí ojú ìta nìkan padà. Agbo ilé àtijọ́ yí àgbàlá ká. Gbogbo ẹnu ọ̀nà kọjú sí àgbàlá náà, níbẹ̀ ni a ti ń se oúnjẹ, tí a ti ń parí ìjà, tí òjò ti ń rọ̀ sínú agbada. Ilé Àgùdà kọjú sí ìgboro. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan la àárín rẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì, ṣọ́ọ̀bù lè wà nísàlẹ̀ kí pálọ̀ baálé wà lókè. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní yàrá tí ó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́. Àwọn tí ó bá ń wá ìdí tí ẹbí fi ń túká nílẹ̀ wa, kí wọn má wo ilé ẹ̀kọ́ nìkan, kí wọn wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà pẹ̀lú. Òun náà ni ó bí ilé àyágbé tí àyálégbé mẹ́wàá ń kọjú síra wọn lónìí. Síbẹ̀ àwọn baálé kan gbọ́n: wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí iwájú, wọ́n sì fi agbo ilé sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ nínú ìwé dé. Herbert Macaulay, tí ó kàwé ní Plymouth láti 1890 sí 1893, wọn ilẹ̀, ó sì yàwòrán ilé fún àwọn ọlọ́lá Èkó kí òṣèlú tó gba gbogbo orúkọ rẹ̀. Bagan Benjamin ni ó yàwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Kírísítì ní Màrínà, tí a bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920 tí a kò sì parí títí di 1946. Ní Ìbàdàn, kò sí ọmọ ilé ìwé tí kò gbọ́ pé Òyìnbó tí ń jẹ́ Taffy Jones ni ó kọ́ Mápó, tí a ṣí ní 1929. Orúkọ ti àwọn wọ̀nyí wà nínú ìwé ìjọba, nítorí náà a mọ̀ wọ́n. Ti àwọn Àgùdà ìbá ti parun bí kì í bá ṣe pé Anthony Laotan, ọ̀kan nínú ọmọ wọn, kó ìtàn wọn jọ sínú ìwé kékeré kan ní 1943.

Ilé wọn kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Àjàkálẹ̀ àrùn eku tí ó jà ní Èkó ní àwọn ọdún 1920 ni ó mú kí ìjọba dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, ẹgbẹ́ náà sì wó àdúgbò lulẹ̀. Láti 1955 lọ, wọ́n tún wó púpọ̀ sí i ní àárín Èkó, wọ́n sì ní kí àwọn tí ilé wọn wó lọ máa gbé Surulere. Ṣọ́ọ̀ṣì da Silva àti Nobre ti fi àyè sílẹ̀ fún ti ìsinsìnyí ní àwọn ọdún 1930. Mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ tí da Costa àti Sanusi Aka kọ́, àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn ni wọ́n wó o láti kọ́ èyí tí ó tóbi jù ú lọ, tí a ṣí ní 1988, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀, nítorí èrò pọ̀ ju ilé lọ. Èyí tí kò ní àwíjàre ni Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúbú. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní 1855, Alfred Ọmọlànà Ọláìyá rà á ní 1933, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, tí òfin sì wí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní oṣù kẹsàn-án, 2016, ní ọjọ́ Àìkú kan, katakata wó o pátápátá. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ni ó ṣẹ́ kù tí a ṣì ń kírun nínú rẹ̀. Ní 2013 ni a kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní ìlú òkè ni iṣẹ́ náà pọ̀ sí jù lónìí, pàápàá ní Òṣogbo, níbi tí Susanne Wenger, ìyá òòṣà nì, gbé nínú ọ̀kan nínú wọn ní òpópónà Ìbòkun títí ó fi kú ní 2009. Àwọn ọmọ àwọn ọmọṣẹ́ da Costa kò fi mọ sí orí òdòdó níhìn-ín. Wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ kìnnìún sí ẹnu géètì, wọ́n mọ erin àti ẹlẹ́ṣin sí orí fàráńdà àti sí ibojì baálé, irú àwọn ère tí agbẹ́gilére ti ń gbẹ́ sára ilẹ̀kùn ààfin láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ère wọ̀nyí ni ojú wọn kò tọ́, tí kìnnìún fi ẹ̀rín jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn wọn ju òdòdó tí ó gún régé lọ. Ohun tí ó pa iṣẹ́ náà kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Nígbà tí owó epo dé ní àwọn ọdún 1970, búlọ́ọ̀kù gba ipò bíríkì, iye búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà bá tò lóòjọ́ ni a sì fi ń ṣírò owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ mẹ́ta fa òdòdó kan kò ní rí ẹni tí yóò sanwó ọjọ́ mẹ́ta náà fún un.